Ẹ Bi Bàbá Onírédíò: "Ó Ń Ṣiṣẹ́ Nígbà Tí A Gbé E Pamọ́"

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Sọ́mà ti dé níbí ní Maryland, àwọn ọjà pàṣípààrọ̀ tí òyìnbó ń pè ní swap meet ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ẹ ó rí wọn láàárọ̀ kùtù Sátidé tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, wọ́n ti ṣí búùtù mọ́tò sílẹ̀, rédíò àtijọ́, tẹlifíṣọ̀n onígi, páálí fáàfù (túbù onídíńgí kéékèèké tó ń mú rédíò àtijọ́ ṣiṣẹ́), gbogbo ẹ̀ wà nílẹ̀ lórí tapólì, àwọn tó fẹ́ rà á sì ń tan tọ́ọ̀ṣì kiri bí ọdẹ òru. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi pọ̀ lóṣù yìí. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ tán, mo kàn mú àwọn tí mo rí i pé tí mi ò bá tètè fèsì, ilé ẹnì kan lè jó.

*Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Mo ra rédíò Philco kan ní swap meet lẹ́bàá Houston níbí, onígi ni, orí ẹ̀ rí roboto bíi fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, $60 ni bàbá òyìnbó náà gbà lọ́wọ́ mi, ó ní ó ń ṣiṣẹ́ nígbà táwọn gbé e pamọ́. Mo délé mo ki púlọ́ọ̀gì ẹ̀ bọ iná, ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá ń kùn hùùùù bíi ẹ̀rọ ìlọta, kò pẹ́ èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn ẹ̀, òórùn yẹn ò dáa rárá. Mo ti yọ ọ́. Ṣé ó ti kú nìyẹn? Ṣé kí n gbé e padà fún bàbá náà? (Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Houston)*

Àbúrò mi, ẹ̀rín pa mí kí àánú ẹ tó ṣe mí. "Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a gbé e pamọ́." Kò sí ọjà tí mo dé tí mi ò gbọ́ gbólóhùn yìí, àwa tí a ti pẹ́ níbẹ̀ ti sọ ọ́ di ohun tí a fi ń bá ara wa ṣeré. Bàbá yẹn kì í sì ṣe gbájúẹ̀ o, ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ, àmọ́ ìgbà wo ni wọ́n gbé e pamọ́? Irú Philco olórí roboto yìí, àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ń ṣe é, bóyá ọjọ́ tí tẹlifíṣọ̀n wọ ilé wọn ni wọ́n ti gbé e sí àjà, o wá dé lójijì o fi iná 120 volt gbá a létí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Kapásítọ̀, ìyẹn ohun tó ń gba iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, oríṣi méjì ló wà nínú ẹ̀. Èyí tó tóbi, tó rí bí agolo, òun ló ń tún iná ṣe kí rédíò má baà máa kùn, alumíníọ̀mù tín-ín-rín àti kẹ́míkà ló wà nínú ẹ̀, tó bá ti pẹ́ jù tí iná ò ti wọ ibẹ̀, kẹ́míkà yẹn á gbẹ, ohun tó ń dá iná dúró lára alumíníọ̀mù náà á ti ṣá, iná á wá máa gba inú ẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba títì. Èyí tó kéré, bébà tí wọ́n ká tí wọ́n fi ìda bò ni, bébà yìí á sì ti fa omi inú afẹ́fẹ́ mu láti bí ọgọ́rin ọdún. Kíkùn tó o gbọ́ yẹn, èyí tó rí bí agolo ló ń ké. Èéfín yẹn ni mo ń bẹ̀rù.

Mú tọ́ọ̀ṣì kó o wo tiransifọ́mà ẹ̀, irin wúwo tí wọ́n ká wáyà sí nínú yẹn. Tí nǹkan dúdú bí ọ̀dà bá ti yọ́ jáde lábẹ́ ẹ̀, tó sì ń rùn, ó ti lọ nìyẹn, òun ló sì ṣòro jù láti rí, wàá máa wá òkú Philco míì kiri tó o máa yọ ọ́ lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kapásítọ̀ nìkan ló jó, bọ́ sílẹ̀ kó o dọ̀bálẹ̀ kó o dúpẹ́, owó kékeré ni gbogbo ẹ̀, ohun tó o máa ná ò tó ohun tó o fi ra rédíò náà.

Wàyí o, nǹkan tí mo fẹ́ kó o ṣe kó o tó tún fi iná sí rédíò kankan láyé ẹ. Wá ihò gílóòbù kan, kó o fi gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná sí i, 40 watt tàbí 60, kì í ṣe LED o, mo tún un sọ, kì í ṣe LED. Gé ẹsẹ̀ kan nínú wáyà tó ń gbé iná bọ̀, kó o fi gílóòbù yẹn sáàárín ẹ̀, kó jẹ́ pé inú gílóòbù niná máa gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ rédíò. Tí nǹkan kan bá ń fa iná jù nínú rédíò, gílóòbù á tàn yòò, òun ló máa jẹ ìyà náà dípò tiransifọ́mà. Tí rédíò bá dára, gílóòbù á tàn díẹ̀, á wá wálẹ̀. Ẹni tó bá ní Variac, tó ń fi ọwọ́ yí iná sókè díẹ̀díẹ̀, òun náà dára, àmọ́ gílóòbù ò tó nǹkan lówó. Má wá rò pé gílóòbù yìí loògùn o, kapásítọ̀ yẹn lo ṣì máa pààrọ̀, ó kàn ń sọ fún ẹ bóyá ewu wà ni.

Ohun kan tún nìyí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, tó bá ti ń fọwọ́ kan inú rédíò tí iná wà lára ẹ̀, ọwọ́ òsì ẹ̀ kì í kúrò nínú àpò ṣòkòtò. Èmi rò pé fáàrí ni. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀ kí n tó mọ̀ pé kí iná má baà gba ọwọ́ kan wọlé, kó gba àyà kọjá, kó gba ọwọ́ kejì jáde ni. Fi ọwọ́ kan sápò.

Má gbé e padà fún bàbá yẹn jàre. Ní swap meet, ọjà tó o bá ti wò tó o sì ti sanwó ẹ̀, ó ti di tìẹ nìyẹn. Ìgbà míì ojú ni kó o fi rà á, má fi iná rà á. Yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò: ṣé fáàfù pé? Ṣé rọ́bà ara wáyà ti gbó tó ń já wẹ́wẹ́? Ṣé eku ti kọ́lé síbẹ̀? (Ìtọ̀ eku ń jẹ irin ju òjò lọ.) Ṣé bébà sípíkà ti ya? Ṣé díńgí ojú ibi tí wọ́n ti ń wá sítéṣọ̀n ṣì wà, torí ìyẹn ṣòro láti rí rà. Kó o sì mọ̀ pé èyí tí eruku àádọ́ta ọdún bò tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, mo fẹ́ ẹ ju èyí tí ẹnì kan ti kùn dán tó ń kọ mọ̀nà lọ. Mo ti ra èyí tó ń dán rí. Mo délé mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, rédíò kékeré onítiránsísítọ̀ ni wọ́n fi téèpù lẹ̀ mọ́ inú àpótí. Títí dòní ìyàwó mi ṣì ń fi pè mí.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí rédíò Bush kan ní car boot sale, bakelite (ike líle àtijọ́) oníbúráùn, wọ́n kọ DAC90A sẹ́yìn ẹ̀. Bàbá mi ní Abẹ́òkúta máa pé 80 ní December, wọ́n ní irú ẹ̀ gẹ́ẹ́ ló wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan ládùúgbò wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Mo fẹ́ gbé e lọ bá wọn. Ṣé iná NEPA ò ní bà á jẹ́, ṣé wọ́n sì lè fi gbọ́ àwọn FM Abẹ́òkúta? (Bísọ́lá, Peckham, London)*

Bísọ́lá, Ọlọ́run á jẹ́ kí bàbá ṣe púpọ̀ sí i láyé. Ọwọ́ ẹ ba nǹkan dáadáa, 1950 ni Bush gbé DAC90A jáde, ó wà lára àwọn rédíò tí àwọn ará Britain fẹ́ràn jù. Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kejì ṣáájú torí ìdáhùn ẹ̀ ò gùn: rárá, kò lè gbé FM. Medium wave (èyí tí a ń pè ní AM) àti long wave nìkan ló mọ̀. Sítéṣọ̀n tiwa tó pọ̀ jù lónìí orí FM ni wọ́n wà, tí bàbá bá tan án lọ́sàn-án ó lè jẹ́ pé ariwo ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni wọ́n máa gbọ́. Lóru ó máa ń sàn díẹ̀, medium wave ń rìn jìnnà tílẹ̀ bá ti ṣú.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ń ta ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń gba orin láti inú fóònù, tó sì máa ń sọ ọ́ jáde lórí medium wave nínú yàrá kan ṣoṣo. Wàá kó àpàlà àti sákárà àtijọ́ sórí ẹ̀, bàbá á yí bọ́tìnnì, ojú rédíò á tàn, orin á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra yọ bí fáàfù ṣe ń gbóná. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa wáyà láti inú fóònù tààrà wọ inú rédíò yẹn o! Ìdí ẹ̀ rèé. DAC90A ò ní tiransifọ́mà tó ya irin inú ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iná. Ẹsẹ̀ iná kan ló so mọ́ irin yẹn gangan. Tí wọ́n bá so púlọ́ọ̀gì ẹ̀ lódì, gbogbo irin inú ẹ̀ ti di iná nìyẹn, bakelite yẹn nìkan ló wà láàárín ìwọ àti 230 volt. Tí bọ́tìnnì kan bá bọ́, tí bàbá fi ọwọ́ kan irin tó kù síbẹ̀, wàhálà dé. Ẹ mọ bí a ṣe ń so iná nílé wa, extension lórí extension.

Iná NEPA fúnra ẹ̀ kò burú sí i, nǹkan bíi 200 sí 250 volt ni wọ́n ṣe é fún, àfi ìgbà tí wọ́n bá fi ìbínú mú un wá. Torí náà kó o tó gbé e wọ bàálù, jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣí i, kó pààrọ̀ kapásítọ̀, kó wo wáyà, kó fi fíúùsì tó tọ́ sí i. Ẹ ò sì jìnnà sí West Dulwich, múṣíọ̀mù rédíò àti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan wà níbẹ̀, inú ilé tí wọ́n bí Gerald Wells tó dá a sílẹ̀ sí gan-an ló wà, bàbá yẹn ti di olóògbé báyìí, àmọ́ rédíò kún yàrá dé yàrá. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ. British Vintage Wireless Society náà wà, láti 1976, swap meet tiwọn dáa ju car boot sale lọ torí ẹni tó ń tajà níbẹ̀ mọ ohun tó ń tà. (Ìyẹn náà ló fi máa ń gbówó lé e, ẹ má sọ pé mi ò sọ.)

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Rédíò kékeré onífáàfù márùn-ún tó kún gbogbo swap meet níbí, kò ní tiransifọ́mà rárá ni. Wọ́n to iná inú fáàfù márààrún tẹ̀ lé ara wọn bíi gílóòbù Kérésì: 12, 12, 12, 35, 50 volt. Ẹ rò ó pọ̀, 121 ni, ìdí nìyẹn tó fi bá iná 120 mu láìsí tiransifọ́mà. Ọgbọ́n owó ni. Tí ọ̀kan bá kú, márààrún á ṣókùnkùn, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́, á fún yín ní $5, ẹ ra fáàfù kan ṣoṣo ó ti tàn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé e dé ilé ní Nàìjíríà tẹ́ ẹ ki í bọ iná 230 láìsí step-down tó ń dín iná kù, ẹ ṣáà dágbére fún un ná.

*Bàbá Onírédíò, ẹ̀yin lẹ ba ọkọ mi jẹ́. Rédíò 41 ló wà ní gáráàjì wa, mọ́tò mi ń sun ìta nínú yìnyín. Ó ní ọ̀kan wà níbẹ̀ tó tó $1,000. Èwo ni, kí n tà á kí n rí ilẹ̀kùn gáráàjì ṣí? (Ìyàwó Onírédíò, Dallas)*

Ìyàwó wa, ẹ má bínú, 41 ò tíì pọ̀, ẹ wá wo tèmi. Mo ń ṣeré o.

Mi ò lè rí gáráàjì yín láti ibí, ṣùgbọ́n nínú 41, bóyá 38 jẹ́ rédíò oníke kékeré ti àwọn ọdún 1950, irú ẹ̀ ò ju ogún, ọgbọ̀n dọ́là lọ lọ́jà. Èyí tó ń pa owó ni Catalin, oríṣi ike àtijọ́ kan. Catalin kì í ṣe bakelite, bakelite ní etu igi nínú, ó máa ń jẹ́ búráùn tàbí dúdú, Catalin mọ́ roro bíi ṣúgà tí wọ́n yọ́, àwọ̀ ẹ̀ lè jẹ́ pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, ó wúwo lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ á ràn sínú ẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ Fada sí lójú, tí apá ẹ̀ kan rí roboto tó tò gbọọrọ bí ọta ìbọn, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Bullet, kí ogun Hitler tó gbóná àti lẹ́yìn ogun ni wọ́n ń ṣe é. Èyí tẹ́ ẹ bá rí tí àwọ̀ ẹ̀ dà bí oyin tàbí súìtì, ó lè jẹ́ pé funfun ló jẹ́ nígbà tí wọ́n rà á, ọjọ́ orí ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi pọ́líìṣì díẹ̀ nu abẹ́ ẹ̀, tí àkísà bá di yẹ́lò, ó jọ pé òun ni.

Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ gbé e kúrò níbi oòrùn, kẹ́ ẹ sì wo ara ẹ̀ bóyá ó ti là, Catalin máa ń súnkì, ooru fáàfù náà sì ń jó o látinú. Lílà tín-ín-rín bí irun lè gé owó ẹ̀ sí ìdajì. Ẹ má tà á fún ẹni tó bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn o. Àwọn ẹgbẹ́ oníredíò ń ṣe gbàǹjo níbi swap meet wọn, ibẹ̀ ni àwọn méjì tó fẹ́ ẹ ti máa ń fi owó bá ara wọn jà. Àwọn 38 yòókù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín gbé wọn lọ swap meet kan náà, kó tò wọ́n sí búùtù, àmọ́ ẹ tẹ̀ lé e o. Ẹni tó bá dá lọ ta ogún máa ń ra márùndínlọ́gbọ̀n bọ̀.

*Sà, mo ń gbé Bowie. Mo rí Philco Predicta kan, tẹlifíṣọ̀n tí ojú ẹ̀ dá dúró lókè tó ń yí sọ́tùn-ún sósì, ẹwà ẹ̀ pa mí. Ẹni tó ń tà á ní òun ò tíì tan án. Ṣé kí n ní kó tan án kí n rí i kí n tó sanwó? Kí la tiẹ̀ lè wò lórí ẹ̀ lónìí? (K.A., Bowie, Maryland)*

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì tan án! Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má tan án. Ohun tí mo sọ fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lókè, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá fún tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt ló wà nídìí túbù ẹ̀, ìyẹn díńgí ńlá tí àwòrán ń hàn lójú ẹ̀, túbù yẹn sì lè mú iná dání pẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ó tún jẹ́ díńgí tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀, tó bá fọ́, inú ló kọ́kọ́ máa wó sí kó tó fọ́n síta. Ẹ má fi ọrùn ẹ̀ gbé e láé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, ẹ wọ gọ́gùlù, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ pe ẹnì kejì.

Predicta jáde ní 1958. Ẹ rò ó wò, ọdún tó tẹ̀ lé e, ní 31 October 1959, ni WNTV, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, nígbà tí àwọn bàbá wa ń ra tẹlifíṣọ̀n onílẹ̀kùn tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tì kí ọmọ má baà tàn án, àwọn ará Philadelphia ti ń yí ojú tiwọn bí ẹni yí orí òwìwí. (Kì bá tiẹ̀ ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, ìlà àwòrán ti Amẹ́ríkà 525 ni, tiwa 625.) Ẹwà ẹ̀ ò ní àfiwé. Inú ẹ̀ ló ń bani lọ́kàn jẹ́, látìgbà tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù ló ti lórúkọ pé ó máa ń bàjẹ́, 1961 Ford ti ra Philco. Èmi máa rà á o, àmọ́ bí ẹni ra iṣẹ́ ni, kì í ṣe bí ẹni ra tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tẹ́ ẹ lè wò láìfi iná kàn án ni túbù yẹn. Ẹ wo inú ọrùn ẹ̀, ẹ ó rí ibì kan tó ń dán bíi fàdákà lára díńgí. Tó bá ṣì dán, afẹ́fẹ́ ò tíì wọlé. Tó bá ti funfun bíi wàrà, ẹ gbàgbé ẹ̀, ó ti kú. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe lè wo gbogbo fáàfù kékeré, mo ti rí ẹni tó ra páálí fáàfù $50 tí ìdajì ẹ̀ funfun báyìí. Tí ẹni tó ń tà á bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán túbù wò, tó fẹ́ dán an wò lójú yín, ìyẹn dáa, ìyẹn yàtọ̀ sí kó ki í bọ iná.

Ohun tẹ́ ẹ máa wò: láti 12 June 2009 tí àwọn sítéṣọ̀n ńlá Amẹ́ríkà ti pa analog (ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń gbé àwòrán sáfẹ́fẹ́), Predicta ò lè dá gba nǹkan kan. Ẹ ra converter box, òun á máa gba digital, á wá máa sọ ọ́ fún Predicta lórí channel 3 tàbí 4. Ihò ẹ̀yìn Predicta máa yàtọ̀ sí wáyà box yẹn, balun kékeré kan ló máa so wọ́n pọ̀, dọ́là mélòó kan ni.

Ẹ wá ń gbé Bowie, ẹ ń kọ̀wé sí mi! National Capital Radio and Television Museum wà nílùú yín níbẹ̀. Ẹ lọ, ẹ lọ wo bí èyí tó dára ṣe rí kẹ́ ẹ tó sanwó èyí tó bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì ráàyè wa mọ́tò dé Hilliard ní Ohio, Early Television Museum wà níbẹ̀, ẹ ó rí tẹlifíṣọ̀n RCA 630-TS ti 1946 níbẹ̀, ojú ẹ̀ ò ju ínṣì 10 lọ, fáàfù 30 ló wà nínú ẹ̀, ọgbọ̀n! Ẹ ó tún rí CT-100, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ tí RCA ń tà ní $1,000 ní 1954, owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ra mọ́tò nígbà yẹn. Èyí tí túbù ẹ̀ ṣì wà láàyè ti ṣọ̀wọ́n bí ojú, afẹ́fẹ́ ti wọ inú èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n yára dá àwọn mélòó kan lóhùn. Ẹni tó bi mí bóyá wọ́n ṣì ń ṣe fáàfù: wọ́n ń ṣe àwọn tí àwọn onígìtá ń lò, bíi 12AX7 àti EL34, ní Rọ́ṣíà, Ṣáínà àti Slovakia. Ti rédíò lásán, wọn ò ṣe é mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò tíì jáde nínú páálí pọ̀ lọ súà, àfi díẹ̀, bíi 1L6 ti Zenith Trans-Oceanic, rédíò alágbèéká kan. Tẹ́ ẹ bá ń ra Trans-Oceanic onífáàfù, ẹ wò ó bóyá 1L6 ṣì wà nínú ẹ̀, àwọn kan máa ń yọ ọ́ tà lọ́tọ̀, wọ́n á wá ta àpótí fún yín. Ẹni tó bi mí nípa aago tó yẹ kóun débẹ̀: tílẹ̀ bá ti mọ́, ọjà tó dáa ti lọ. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ ná an wálẹ̀, kó dé ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ẹni tó ń tà á bá ń wo búùtù mọ́tò ẹ̀ tó ń ronú pé òun tún máa gbé rédíò ńlá yìí padà sílé. Mo gba Zenith onídúró kan báyẹn ní Hamvention, ìpàdé ńlá àwọn oníredíò, ní Xenia, Ohio, ọkùnrin yẹn tiẹ̀ bá mi gbé e dé ìdí mọ́tò. Ẹ̀yìn mi ló sanwó ìyókù.

*Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ mi máa ń bá mi ka ìwé ìròyìn yìí látorí fóònù. Mo gbọ́ ohun tó o sọ lóṣù tó kọjá pé àpótí Rẹdifúṣọ̀n kì í ṣe rédíò. Ta ló sọ fún ẹ? Ara ògiri ilé bàbá mi ní Òkè-Àdó ni tiwa wà, ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ìròyìn àti ewì, gbogbo ilé máa ń pa rọ́rọ́. Àpótí náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé ó tún lè sọ̀rọ̀? (Màmá Àgbà, Ìbàdàn)*

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ forí jì mí, ẹnu mi ló yá. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kò sí ohun tó ń mú ìgbì afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀, wáyà ni ọ̀rọ̀ ń gbà wá, láti ọ́fíìsì wọn, lórí òpó, wọ ilé yín. Ní 1935 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ l'Ékòó, Ìbàdàn tẹ̀ lé e ní 1939. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á máa sanwó, ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lẹ máa gbọ́, ẹ ò lè bá a jiyàn, ẹ ò lè yí i sí ibòmíì, ẹ sá lè dín ohùn ẹ̀ kù. Àwọn bàbá wa wò ó títí, wọ́n ní Asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ju èmi lọ, nígbà tí a fi máa gbé tiwa wọlé, ilé yín ti ń gbọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó lè sọ̀rọ̀, mà. Sípíkà ni, pẹ̀lú tiransifọ́mà kékeré àti bọ́tìnnì tí ẹ fi ń yí ohùn. Òun nìkan ni nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ lóṣù yìí tí kò nílò iná NEPA rárá. Ẹ ní kí oníṣẹ́ rédíò tó dàgbà díẹ̀ wò ó, kì í ṣe àwọn ọmọ tó ń tún fóònù ṣe, kó wo bébà sípíkà bóyá ikán ò tíì dé ibẹ̀, kó wá fi ẹ̀rọ amúhùngbòòrò kékeré kan àti tiransifọ́mà tó bá a mu so ó pọ̀ mọ́ fóònù ọmọ yín. Kó má yọ nǹkan kan nínú ẹ̀ dànù, kó má kùn ún.

Ṣùgbọ́n màmá, wáyà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń jáde lẹ́yìn ẹ̀ yẹn, ó jọ wáyà iná. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ-ọmọ má lọ ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láti wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́ o. Kẹ́ ẹ sì gbé e kúrò nílẹ̀, sókè kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí àwọn oní-kọ̀ndẹ̀mù tó ń tì ọmọlanke kiri ò ti ní rí i. Ẹ ní kí ọmọ yín ya fọ́tò iwájú ẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ṣé orúkọ tó wà lójú ẹ̀ ṣì ṣeé kà?